Ológbò Tó Ń Bẹ̀rù, Èèyàn Tó Ń Bẹ̀rù Ológbò

Lọ́dọ̀ wa ní Òkákà, ọ̀nà méjì ni ológbò pín sí: ológbò inú ilé àti ológbò ẹ̀yìnkùlé. Ti inú ilé ló ní orúkọ. Òun ló ń jókòó nídìí ààrò nígbà tí wọ́n bá ń ro àmàlà, tó ń retí orí ẹja. Ti ẹ̀yìnkùlé kò lórúkọ. Òjìji rẹ̀ nìkan lẹ máa rí tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá lálẹ́. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan sún mọ́ ọn, ó ti wọ inú oko gbágùúdá lọ. Àwọn ọmọdé a máa sọ ọ́ lókùúta, àwọn àgbà a máa ní kó má mú nǹkan burúkú wọ agbo ilé. Ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí ni pé àárín méjèèjì kò jìnnà tó bí a ṣe rò. Ológbò márùn-ún ni mo rí tó kúrò ní ẹ̀yìnkùlé tó bọ́ sínú ilé, mo sì rí ohun tó ná àwa àti àwọn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì ní ọdún 2022 kò ní gbàgbé ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwọn kan nínú wa kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì, àwọn kan ṣègbéyàwó. Èmi gba ilé ìyá bàbá mi lọ ní Òkákà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, mo ń bá wọn ṣe iṣẹ́ oko, mo sì ń tọ́ ológbò tó ń sá fún èèyàn.

Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé ilẹ̀ ọkà ni. Àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gúsí, ẹ̀wà, ẹ̀pà, iṣu, gbágùúdá, gbogbo rẹ̀ là ń gbìn. Bí a bá kórè tán, inú àká tàbí inú yàrá kan nínú ilé là ń kó o sí títí ọjà yóò fi dára. Ibi tí ọkà bá sì wà, èkúté kò ní jìnnà síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní bí ológbò ò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Ọ̀rọ̀ náà sì ju ọ̀rọ̀ ọkà lọ. Eku ló ń gbé ibà Lassa kiri, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní ibi tó ń jẹ́ ìpínlẹ̀ Borno lónìí, ní ọdún 1969. Lára ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àwọn onílé ni pé kí wọ́n máa tọ́jú oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí wọ́n máa da ilẹ̀ jìnnà sílé, kí wọ́n sì máa sin ológbò.

Àmọ́ ológbò kì í ṣe ohun tí à ń rà nínú ike lọ́jà. Oògùn eku ni wọ́n ń tà nínú ike, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá lójú ẹni tí èkúté ti ya àpò rẹ̀. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rò ni pé eku tó bá jẹ oògùn kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kiri, irú eku bẹ́ẹ̀ ló sì rọrùn jù fún ológbò láti mú. Bí ológbò ẹ̀yìnkùlé wa ṣe kú nìyẹn ní oṣù Kẹta ọdún náà. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ lábẹ́ igi ìdáná tí a tò jọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n ti tó nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n lè jẹun fúnra wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mọ ọwọ́ èèyàn rí. Bàbá kan nínú agbo ilé ní kí a kó wọn sínú àpò, kí a lọ dà wọ́n sí ojú ọ̀nà Òtù. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ gbìyànjú.” Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ìwé tí wọn ò jẹ́ kí o rí kà ló ń dà ọ́ láàmú.”

Nígbà tí òkìkí kàn pé ọmọ kan wà tó ń gba ológbò, mẹ́ta mìíràn tún dé. Akọ ńlá kan wà tó ní àwọ̀ funfun àti àwọ̀ pupa lára, tíṣà kan tí wọ́n gbé lọ sí ìlú mìíràn ló fi í sílẹ̀. Ó ti ń gbé lórí àjà ilé ẹlòmíràn fún oṣù bíi mélòó kan, àwọn ọmọ agbo ilé náà sì ti fi òkò kọ́ ọ pé èèyàn kì í ṣe ọ̀rẹ́. Tíṣà náà ni a sọ ọ́. Méjì yòókù, inú àpò ìrẹsì ni àwọn ọmọdé ti bá wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn kò lágbára mọ́ nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ó kú lọ́jọ́ kẹta.

Ohun àkọ́kọ́ tó yé mi ni pé ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Eileen Karsh, ní Temple University ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí ọmọ ológbò ṣe ń mọ èèyàn. Ohun tó rí ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn tí wọ́n bá bí ọmọ ológbò ni ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jù lọ fún èèyàn. Èyí tí èèyàn bá ń gbé mọ́ra lásìkò yẹn, àwọn èèyàn á di ará ilé lójú rẹ̀. Èyí tí àsìkò náà bá kọjá lórí rẹ̀ láì rí ọwọ́ kankan, bí ẹranko tó fẹ́ pa á jẹ ni yóò máa wo èèyàn. Kì í ṣe pé kò lè yí padà mọ́, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́. Tíṣà ti mọ ọwọ́ èèyàn tẹ́lẹ̀, ó kàn gbàgbé ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ti ń fi orí nù mí lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ abẹ́ igi ìdáná ní láti kọ́ ohun tí wọn kò mọ̀ rí. Méjì nínú wọn gbà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀kẹta, abo dúdú kan tí kò ní funfun kankan lára, kò gbà rárá. A sọ ọ́ ní Sápamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é, torí àwọn kan ti bi mí lórí WhatsApp pé oògùn wo ni mo lò. Kò sí oògùn.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé tí a ń kó ẹrù oko sí. Mo kó ẹrù náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé páálí Indomie kalẹ̀, mo gé ojú ihò kan sí i lára, mo fi aṣọ àkísà tẹ́ inú rẹ̀. Ibi ìsápamọ́ ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé bí a bá gba ibi ìsápamọ́ lọ́wọ́ ẹran tó ń bẹ̀rù, á tètè mọ èèyàn. Òdì kejì ni. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí láti Utrecht, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ológbò 19 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìtọ́jú ẹranko: wọ́n fún àwọn kan ní àpótí láti sá pamọ́ sí, wọn kò fún àwọn yòókù. Àwọn tó ní àpótí ni ara wọ́n tètè balẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè padà wọlé ló máa ń nígboyà láti jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oúnjẹ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, àkókò kan náà lójoojúmọ́: àmàlà tàbí ẹ̀kọ díẹ̀ pẹ̀lú orí ẹja sáwà tí a lọ̀ mọ́ ọn, àti omi mímọ́. Mo máa ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wọlé kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni. Màá gbé abọ́ sílẹ̀, màá jókòó sórí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, màá mú ìwé jáde, màá máa kà á sókè díẹ̀. Gbogbo ìwé tí mo yẹ kí n kà fún ìdánwò, àwọn ológbò ni mo kà á fún. Kì í ṣe torí wọ́n fẹ́ràn ìwé. Ohùn èèyàn tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí kò bá wọn wí, ni mo fẹ́ kí ó mọ́ wọn létí. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, màá sún abọ́ náà díẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Bí wọ́n bá kọ̀ láti wá jẹun, mo ti sún un jù nìyẹn, màá dá a padà sí ibi tó wà lánàá.

N kì í wò wọ́n lójú. Èyí kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá, àwa tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé a kì í tẹjú mọ́ àgbà. Lójú ológbò pẹ̀lú, ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn ń wá ìjà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí a wò wọ́n fìrí, kí a sì rọra pa ojú dé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, kí a tún rọra là á. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní University of Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn nínú ìwádìí wọn pé ológbò máa ń fi irú ìṣẹ́jú jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ dáhùn, ó sì máa ń fẹ́ sún mọ́ ọwọ́ àlejò tó bá ṣẹ́jú báyẹn sí i ju èyí tó kàn ń wò ó lásán lọ. Èmi kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ eré ni, títí di ọjọ́ tí Tíṣà ṣẹ́jú padà.

Nígbà tó bá di pé wọ́n ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ṣíbí onígi ọlọ́wọ́ gígùn ni mo kọ́kọ́ máa ń fi kàn wọ́n, pẹ̀lú ẹja lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ àgbọ̀n ni kí a kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kì í ṣe àárín orí, torí ọwọ́ tó bá ti òkè bọ̀ dà bí ìgbà tí àṣá ń já bọ̀. Kí a kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì dáwọ́ dúró. Bí ó bá fẹ́ sí i, á sún mọ́ wa. Bí kò bá fẹ́, ó ní ẹ̀tọ́ láti lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùúrù, ìyẹn ni àrùn dìgbòlugi. Ajá ló sábà máa ń kó o ran èèyàn, ṣùgbọ́n ológbò náà lè ní in. Ẹnikẹ́ni tí ológbò tàbí ajá bá bù jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kó fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é. Dókítà ẹran kan wá láti Ìsẹ́yìn, ó fún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́ta, ó sì fún wọn ní oògùn aràn. Òun ló tún sọ fún mi pé a kò gbọdọ̀ fún ológbò ní paracetamol láéláé, torí ẹyọ kan péré lè pa á.

Títí di ibí yìí, ológbò nìkan ni mo rò pé mo ń tọ́. Ẹ̀kọ́ tó kù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ológbò nílẹ̀ wa, pàápàá èyí tó bá dúdú. Pé ẹran àjẹ́ ni. Pé tó bá ké lóru, ẹnì kan máa kú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó wọn wọlé, Ìyá Àgbà ní, “Ọmọ mi, mi ò ní kí o má ṣàánú. Àmọ́ dúdú yẹn kò gbọdọ̀ wọ yàrá mi.” N kò bá wọn jiyàn. Mo ti kíyè sí i pé bí mo bá nawọ́ sí Sápamọ́ kí ó tó ṣetán, ńṣe ló máa ń lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ páálí fún odidi ọjọ́ kan. Mo rò ó pé bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni èèyàn rí. Ẹni tó ń bẹ̀rù ológbò, bí a bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí a pè é ní ará oko, tàbí tí a gbé ológbò lé e lórí itan tipátipá, inú páálí tirẹ̀ ló ń padà sí.

Nítorí náà, n kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá gba ológbò. Mo kàn máa ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, màá fi àkàn dí ẹnu ọ̀nà débi pé èèyàn á rí inú ṣùgbọ́n ológbò kò ní lè jáde. Ẹni tó bá wá kí Ìyá Àgbà á dúró wò díẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ń sọ òkò tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú. Mo ní ẹni tó bá lè jókòó láì pariwo títí tí ológbò á fi jẹun tán ni màá fún ní ẹ̀pà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ló ń bá àwọn ọmọ mìíràn jà pé wọn kò gbọdọ̀ sọ Tíṣà lókùúta.

Ìyá Àgbà fúnra wọn, èyí tó yè nínú àwọn inú àpò ló mú wọn. Ó kéré, òtútù sì máa ń mú un. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó gba ihò àkàn jáde, ó lọ jókòó sórí ìbọ̀rùn wọn. Wọn kò lé e. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní “ọkọ mi.” Bí ọ̀kan ṣe rílé nìyẹn, kò sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n.

Nílùú òyìnbó, ẹni tó bá fẹ́ gba ológbò nílé ìtọ́jú á fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ní Èkó náà, àwọn bíi St. Mark's Animal Rescue Foundation ń gba ajá àti ológbò tí kò nílé, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa gbà wọ́n. Ní Òkákà, kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ní àdéhùn tiwa tó ti wà tipẹ́: ìyẹn ni kí a fún èèyàn ní ẹran sìn. Ẹni tó ní abo ewúrẹ́ tí kò ráyè tọ́ ọ lè gbé e fún ẹlòmíràn kó máa bá òun sìn ín. Tó bá bímọ, wọn á pín in. Ẹni tó gbà á mọ̀ pé ẹran náà ní ẹni tó lè béèrè rẹ̀ nígbàkígbà. Mo fún wọn ní ológbò sìn. Mo ní n kò fẹ́ ọmọ kankan nínú rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ ni kí n lè máa yà wá kí i, kí wọ́n sì sọ fún mi tí ó bá ń ṣàìsàn. Kò sẹ́ni tó rí i bí ohun àjèjì. Baálé ilé kan tó ń ra ẹ̀gúsí jọ gba Tíṣà. Ìyá olóúnjẹ kan gba ọ̀kan nínú àwọn ọmọ abẹ́ igi ìdáná, télọ̀ kan sì gba ìkejì.

Ìlànà kan náà la lò fún gbogbo wọn. Ẹni tó fẹ́ gbà á á kọ́kọ́ wá ní ìrọ̀lẹ́ bíi mẹ́ta mẹ́rin, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé oúnjẹ sílẹ̀. Á fún mi ní aṣọ kan tó ti wọ̀, màá tẹ́ ẹ sínú páálí kí òórùn rẹ̀ lè mọ́ ológbò náà nímú. Ọjọ́ tó bá máa lọ, inú apẹ̀rẹ̀ tí a bo lórí ni a máa gbé e sí, pẹ̀lú aṣọ náà. Lẹ́yìn náà, yàrá kan ṣoṣo ni kó kọ́kọ́ wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ológbò tí a bá tú sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní á wá ọ̀nà ilé tó ti wá. Ẹni tó bá sì máa gbà á gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun ò ní lo oògùn eku nínú ilé mọ́.

Ó wá ku Sápamọ́. Oṣù Kẹjọ dé, ó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tíì kàn án. Ní ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí wọ agbo ilé wa, ó ní òun gbọ́ pé a ní ológbò dúdú. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló mú lọ́wọ́. Kò béèrè ohun tó ń jẹ. Kò béèrè bóyá ó mọ eku pa. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni bóyá kò ní irun funfun kankan lábẹ́ ikùn. Kí n tó lanu, Ìyá Àgbà ti dáhùn láti ibi tí wọ́n jókòó sí: “A kì í ta ọmọ ilé.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi owó kún owó. Wọn kò tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n kàn ń wò ó títí ó fi lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn pa lóru.

Ìyá kan wà tó máa ń wá ra àgbàdo àti ọkà bàbà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, tó ń lọ tún un tà. Opó ni. Èkúté ti ba àpò méjì jẹ́ fún un lọ́dún náà. Ó máa ń dúró wo yàrá náà láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé ní òru ọjọ́ tí ọkọ òun kú, ológbò dúdú kan jókòó sójú fèrèsé wọn, òun kò sì lè wo ọ̀kan láti ìgbà náà kí àyà òun má já. N kò sọ fún un pé irọ́ ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi kò sí níbẹ̀ lóru náà. Mo gbé àpótí ìjókòó kejì síta, mo ní, “Ẹ jókòó, Mà, ẹ bá mi gbọ́ ìwé.”

Ó jókòó. Ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, Sápamọ́ náà sì jìnnà sí i nínú lọ́hùn-ún. Ìrọ̀lẹ́ tó bá wá ra ọjà ni à ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ tí kì í ra nǹkan kan. Ó ń mú edé wá nínú ọ̀rá, á ju ọ̀kan sílẹ̀, á yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi kò kọ́ ọ pé kó yíjú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ohun tí Sápamọ́ ń wá láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn: ẹni tí kò ní wò ó.

Ìyanṣẹ́lódì parí ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní kí a padà sílé ẹ̀kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà ti dàgbà, ọ̀kan tó wà lórí ìbọ̀rùn wọn ti tó wọn, ọkùnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún márùn-ún sì mọ ilé wa. Mo sọ fún ìyá alágbàdo pé ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta péré ló kù fún wa. Ó béèrè pé, “Ṣé kò sí èyí tí kò dúdú?” Mo ní kò sí mọ́. Kò sọ nǹkan kan, ó lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó padà wá pẹ̀lú ìró àtijọ́ kan tí a ká sábẹ́ apá. Ó ní, “Tẹ́ ẹ sínú páálí rẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ń pè mí lójoojúmọ́. Sápamọ́ wà lábẹ́ ibùsùn. Kò jáde. Lóru nìkan ló ń jẹun. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó pè mí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà nínú mọ́ṣáláṣí: “Ó wà lórí ẹsẹ̀ mi. Kí ni kí n ṣe?” Mo ní, “Mà, ẹ má ṣe nǹkan kan.”

Àwọn kan á ní kí ni ti ológbò nígbà tí èèyàn gan-an kò rí jẹ. Ìbéèrè tó dáa ni. Ìdáhùn mi ni pé ìyá náà kò tíì da àpò ọkà kankan nù láti ìgbà náà, kò sì sí oògùn eku nínú yàrá tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sùn sí. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò gba ìwà ìkà sí ẹranko: abala 495 nínú Criminal Code ní kí wọ́n fi ẹni tó bá ṣe é sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san 50 náírà. Pẹ̀lú 50 náírà, ẹ mọ̀ pé òfin nìkan kò lè gba ológbò kankan là. Àwọn aládùúgbò ló lè gbà á.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ológbò kan wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì yín báyìí, tó ń jẹ ìdọ̀tí lẹ́yìn búkà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko wà nínú ọgbà UI. Ẹ lè béèrè níbẹ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára àti iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí abo máa bímọ kiri, torí abo ológbò lè lóyún láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, oyún náà kò sì ju bí oṣù méjì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ní ilé tiyín, ẹ wò ó bóyá àyè wà fún ọ̀kan. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹni tó dára jù fún irú wọn lè jẹ́ ẹ̀yin. Ẹ gbé oúnjẹ sílẹ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ẹ jókòó sí ọ̀ọ́kán, kí ẹ má nawọ́. Òun ló máa mú ọjọ́ tó bá fẹ́ wá.